Ràkẹ́ẹ̀tì tó ń yí ẹyin: yíyan rọ́bà, fóòmù àti igi fún eré ẹlẹ́yin orí tábìlì ní Àjàṣẹ́

Nínú eré ẹlẹ́yin orí tábìlì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Porto-Novo, ìlú tí Yorùbá mọ̀ sí Àjàṣẹ́, ń pè ní píńpọ́ǹgì, agbára apá nìkan kọ́ ni a fi ń borí alátakò. Ẹyin tó ń sáré lásán kì í pẹ́ di ohun tí alátakò mọ bí yóò ṣe dá padà, ṣùgbọ́n ẹyin tó ń yí lórí ara rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ a máa yà kúrò ní ọ̀nà tí ojú ń retí, a sì máa ta lọ́nà mìíràn nígbà tó bá kan tábìlì tàbí nígbà tó bá kan ràkẹ́ẹ̀tì ẹni tó fẹ́ gbá a padà. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tó bá ti kọjá ìpele alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń wádìí irú irinṣẹ́ tó lè mú kí ẹyin rẹ̀ yí dáadáa. Ìdáhùn tí àwọn tó ń tajà sábà máa ń fún un ni pé kí ó ra èyí tó wọ́n jù lọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Ojú rọ́bà ló kọ́kọ́ ń yí ẹyin, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, igi ràkẹ́ẹ̀tì ló ṣìkẹta, a sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ẹni tó ń gbá a àti ojú ọjọ́ ìlú tó ń gbé wọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a tó náwó lé wọn lórí.

Ohun tó ń yí ẹyin

Ẹyin tí a ń gbá lónìí fẹ̀ ní mìlímítà 40, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 2.7 péré. Nítorí pé ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, afẹ́fẹ́ tó yí i ká lágbára púpọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹyin bá ń yí síwájú, ìyẹn ni pé òkè rẹ̀ ń yí lọ sí ibi tí ẹyin náà kọrí sí, afẹ́fẹ́ a máa tì í wálẹ̀, débi pé ẹyin tí a gbá kíkankíkan, tí ì bá kọjá tábìlì lọ, yóò tẹrí ba lójijì, yóò sì balẹ̀ sórí tábìlì. Bí ó bá ń yí sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ yóò gbé e ró díẹ̀, bí alátakò bá sì kàn gbé ràkẹ́ẹ̀tì kò ó láìmúra, inú àwọ̀n ni ẹyin náà yóò kó sí. Bí ó bá ń yí sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà rẹ̀ yóò tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Gustav Magnus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún 19, ni àwọn onímọ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe agbára tí afẹ́fẹ́ ń sà lórí ohun tó bá ń yí báyìí. Lọ́wọ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré náà, ẹyin lè yí ju ìgbà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Gbogbo ìyípo yìí ń wọ inú ẹyin lásìkò tí ẹyin bá wà lára rọ́bà, àsìkò náà kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ràkẹ́ẹ̀tì bá lu ẹyin lójúkojú, ẹyin yóò sáré. Bí ó bá fi ojú rẹ̀ ra ẹyin lára, tí rọ́bà sì dì í mú bó ṣe ń kọjá, ẹyin yóò yí. Ohun méjì ni ìyípo gbára lé nígbà náà: àkọ́kọ́ ni ìyára tí ọwọ́ fi ń gba ara ẹyin kọjá, èkejì sì ni bí ojú rọ́bà ṣe lè di ẹyin mú tó láìjẹ́ kí ó yọ̀. Irinṣẹ́ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ti àkọ́kọ́, nítorí pé ìgbáradì àti ìkọ́ni ló ń mú un wá, ṣùgbọ́n èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kí ó rà.

Bí òfin ṣe tún irinṣẹ́ ṣe

Kí ọdún 1952 tó dé, rọ́bà tí kókó wẹ́wẹ́ rẹ̀ kọjú síta, tí kò sì ní fóòmù kankan lábẹ́, ni ọ̀pọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ń lò, ìyípo tí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ sì lè fún ẹyin kò pọ̀. Ní ọdún náà, níbi ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, Hiroji Satoh, ọmọ ilẹ̀ Jàpáánù, mú ràkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ fóòmù tó nípọn mọ́ jáde, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọkùnrin. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé, èyí tí a mọ̀ sí ITTF, ṣe òfin lórí irinṣẹ́ ní ọdún 1959. Òfin náà ló fàyè gba rọ́bà tó ní fóòmù lábẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àpapọ̀ rọ́bà, fóòmù àti gọ́ọ̀mù tó so wọ́n mọ́ igi kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 4 lọ lójú kan ràkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí rọ́bà oníkókó tí kò ní fóòmù kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 2 lọ.

Láàárín ààlà yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í figa gbága. Ní ọdún 1967, ilé-iṣẹ́ Butterfly ti ilẹ̀ Jàpáánù gbé rọ́bà Sriver jáde, nígbà tó sì di ọdún 1969, Yasaka, tí òun náà jẹ́ ti Jàpáánù, gbé Mark V jáde. Kókó rọ́bà méjèèjì yìí kọjú sínú, wọ́n fara ti fóòmù, ojú tó sì ń kan ẹyin ń dán, ó sì ń dì mú. Irú rọ́bà yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé títí di òní, òun náà sì ni ẹni tó bá ń wá ìyípo gbọ́dọ̀ wá lọ.

Àwọn òfin mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dín ìyípo kù. Láti ọdún 1986, ojú kan ràkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú, kí èkejì sì pupa, kí alátakò lè rí rọ́bà tí a fi gbá ẹyin, nítorí pé àwọn kan ń fi rọ́bà méjì tí ìṣe wọn yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí àwọ̀ wọn jọra tan ara wọn jẹ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni òfin ti gba àwọn àwọ̀ mìíràn láàyè ní ipò pupa. Ní ọdún 2000, ẹyin tó fẹ̀ ní mìlímítà 38 di ti mìlímítà 40, kí eré lè falẹ̀ díẹ̀ kí àwọn òǹwòran sì lè rí ẹyin dáadáa. Ní ọdún 2008, wọ́n fòfin de gọ́ọ̀mù olóòórùn líle tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń wú fóòmù kí ó lè ta ẹyin síwájú síi, nítorí pé èéfín rẹ̀ léwu fún ìlera. Ní ọdún 2014, ẹyin oníkẹ́míkà tó tètè ń gbiná tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ fún ẹyin oníke, èyí tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù gbà pé kì í yí tó ti àtẹ̀yìnwá. Ìdí nìyí tí rọ́bà fi ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ lónìí, nítorí pé ohun tí ẹyin àti gọ́ọ̀mù ti sọ nù, rọ́bà ni wọ́n ń retí pé kí ó dá a padà.

Ojú rọ́bà

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni rọ́bà ìgbàlódé fi ń di ẹyin mú. Àkọ́kọ́ ni lílẹ̀: ojú rọ́bà náà a máa lẹ̀ mọ́ nǹkan, débi pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹyin, tí a sì da ràkẹ́ẹ̀tì dorí kodò, ẹyin náà lè rọ̀ mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó jábọ́. Rọ́bà ilẹ̀ Ṣáínà ló gbajúmọ̀ jù nínú ìdílé yìí, Hurricane 3 ti ilé-iṣẹ́ DHS sì ni àwọn ọ̀gá ilẹ̀ náà fi ń jẹun. Irú rọ́bà yìí dára púpọ̀ fún ìṣíde, ìyẹn ẹyin àkọ́gbá tó ń bẹ̀rẹ̀ àmì-ayò, ó sì dára fún ẹyin kúkúrú tí a fi ń dáàbò bo ara ẹni, nítorí pé ẹyin lè yí lójú rẹ̀ bí ọwọ́ kò tilẹ̀ sáré púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ta ẹyin síwájú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í kọlu alátakò gbọ́dọ̀ fi ìbàdí, ejìká àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni fífà: ojú rọ́bà kò lẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ilé-iṣẹ́ sì ti fa rọ́bà àti fóòmù náà le láti ìbẹ̀rẹ̀, débi pé nígbà tí ẹyin bá rì sínú rẹ̀, rọ́bà náà a nà, a sì padà sípò kíákíá, a sì yí ẹyin bó ṣe ń jù ú jáde. Ọ̀pọ̀ rọ́bà ilẹ̀ Jámánì àti Jàpáánù jẹ́ irú èyí. Tenergy 05 tí Butterfly gbé jáde ní ọdún 2008, ọdún kan náà tí wọ́n fòfin de gọ́ọ̀mù olóòórùn líle, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n àwọn yòókù. Irú rọ́bà yìí ń ran ẹni tó bá fẹ́ fi ẹyin tó ń yí síwájú kọlù láti ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ìyípo alátakò bá pọ̀, òun náà a máa gba ìyípo náà wọlé, ẹyin a sì máa fò kúrò lórí tábìlì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé rọ́bà tó ń yí ẹyin jù lọ náà ni ìyípo alátakò ń dà láàmú jù lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró déédéé kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Àwọn rọ́bà kan wà tí a kò ṣe fún ìyípo rárá. Rọ́bà oníkókó gígùn, tí kókó rẹ̀ kọjú síta, a máa dá ìyípo alátakò padà fún un ní ọ̀nà òdì, rọ́bà tí ojú rẹ̀ ń yọ̀ sì máa ń kọ ìyípo sílẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń dúró kí ó rẹ alátakò ló ń lò wọ́n, wọn kò sì bá ọ̀nà tí àpilẹ̀kọ yìí ń tọ̀ mu.

Fóòmù

Lábẹ́ ojú rọ́bà ni fóòmù wà, ohun méjì ni a sì fi ń yàn án: bó ṣe nípọn tó àti bó ṣe le tó. Fóòmù tó nípọn ní mìlímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń fún ẹyin ní àyè láti rì wọlé dáadáa kí ó tó kan igi, èyí sì ń mú kí ìyípo àti ìyára pọ̀ síi. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 1.5 tàbí 1.8 ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré. Ní ti líle, fóòmù rírọ̀ máa ń gba ẹyin wọlé láìsí agbára púpọ̀, ó sì bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yára mu. Fóòmù líle kì í ṣí fún ọwọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá sáré tó, ìyípo tó ń fún ẹyin kì í tètè dé òpin. Ẹni tó bá ń ra rọ́bà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà líle tí ilé-iṣẹ́ kọ sára rọ́bà kì í ṣe ìwọ̀n kan náà káàkiri ayé: ogójì ti Ṣáínà kò dọ́gba pẹ̀lú ogójì ti Jámánì, bẹ́ẹ̀ ni Jàpáánù náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti tipa bẹ́ẹ̀ ra fóòmù tó le ju ọwọ́ wọn lọ, tí wọ́n sì rò pé àwọn ni kò mọ eré gbá mọ́.

Igi tó ti inú igbó wa jáde

Ní ti igi, òfin sọ pé ó kéré tán, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìnípọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ igi gidi. Ìyókù lè jẹ́ okùn kábọ́ọ̀nù tàbí irú rẹ̀, tí ń mú kí ràkẹ́ẹ̀tì le, kí ó sì yára. Igi pẹlẹbẹ márùn-ún tí a lẹ̀ pọ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù nínú èyí tí kò ní kábọ́ọ̀nù. Ohun tó yẹ kí ará Àjàṣẹ́ mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn igi náà, tí wọ́n ń fi orúkọ ilẹ̀ òkèèrè tà fún wa, ló ń hù nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín-Gbùngbùn Áfíríkà. Èyí tí àwọn olówò ń pè ní ayous, tó sábà máa ń wà ní àárín ràkẹ́ẹ̀tì, ni igi arère. Èyí tí wọ́n ń pè ní limba, tí wọ́n sábà máa ń fi bo ojú rẹ̀, ni igi afárá. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀. Afárá náà kò le jù, ó sì máa ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́ ohun tí ẹyin ń ṣe.

Fún ìyípo, ọ̀pọ̀ olùkọ́ni ló gbà pé igi márùn-ún tí kò ní kábọ́ọ̀nù, tí kò nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 6 lọ, ni ó dára jù fún ẹni tó ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń ra ẹyin lára, nítorí pé ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹyin bá kàn án, kì í sì í lé ẹyin lọ kí ọwọ́ tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n gbogbo ràkẹ́ẹ̀tì tí a ti lẹ rọ́bà mọ́ lójú méjèèjì sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 170 sí 190. Èyí tó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa fa ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ tí kò bá sì yára kò lè yí ẹyin.

Ojú ọjọ́ Àjàṣẹ́

Àwọn ìwé ìpolówó rọ́bà kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí rọ́bà ní ìlú tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, tí kò sì jìnnà sí òkun. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, pàápàá ní àkókò òjò àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta tàbí kẹrin títí di oṣù keje, àti ní àkókò òjò àrọ̀kúrò láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Ìrì tín-ín-rín tó bá bo ojú rọ́bà, pẹ̀lú òógùn tó ń kán sórí ẹyin, a máa jẹ́ kí ẹyin yọ̀ lára rọ́bà bí táyà tó ti jẹ ṣe ń yọ̀ lórí ọ̀dà tó tutù. Rọ́bà alẹ̀mọ́ra sì máa ń jìyà rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, nítorí pé lílẹ̀ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí omi bá wà láàárín òun àti ẹyin. Ní ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ekuru ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ní tirẹ̀, ó máa ń bo ojú rọ́bà, á sì sọ ọ́ di aláìlẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbá eré nínú gbọ̀ngàn tí kò ní amúlétutù, tàbí lábẹ́ òrùlé páànù tó ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo, yóò rí èrè púpọ̀ gbà lára rọ́bà afàmọ́ra tí fóòmù rẹ̀ wà láàárín líle àti rírọ̀, ju èyí tó lẹ̀ púpọ̀ lọ. Ó yẹ kí ó ní aṣọ gbígbẹ méjì, ọ̀kan fún ọwọ́ àti ojú, èkejì fún ẹyin àti rọ́bà. Kí ó máa fi kànìnkànìn tó rọ̀ àti omi mímọ́ nu ojú rọ́bà lẹ́yìn eré. Kí ó fi ọ̀rá bò ó. Kí ó má sì fi í sílẹ̀ lórí ọ̀kadà tàbí nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn, nítorí pé ooru tètè ń ba rọ́bà jẹ́.

Ohun tó yẹ láti rà

Ràkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lẹ rọ́bà mọ́ láti ilé-iṣẹ́, tí wọ́n fi ike dì pẹ̀lú ẹyin méjì tàbí mẹ́ta, ló rọrùn jù láti rí rà ní ọjà. Ó tó fún ọmọdé tó ń kọ́ bí a ṣe ń gbá ẹyin kọjá àwọ̀n, ṣùgbọ́n ojú rọ́bà rẹ̀ sábà máa ń yọ̀, a kò sì lè fi kọ́ ìyípo gidi. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí a ra igi lọ́tọ̀, kí a ra rọ́bà méjì lọ́tọ̀, kí a sì fi gọ́ọ̀mù olómi tí kò ní òórùn líle lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àǹfààní tó wà nínú èyí ni pé a lè lo igi fún ọ̀pọ̀ ọdún, rọ́bà nìkan ni a ó sì máa pààrọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti ń dán bíi dígí, tí kò sì di ẹyin mú mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìyípo, rọ́bà bíi Mark V tàbí irú rẹ̀, tí fóòmù rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 1.8 tàbí 2, lórí igi márùn-ún tí kò ní kábọ́ọ̀nù, ti tó. Tenergy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dúró dìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ bí yóò ṣe ra ẹyin lára láìkùnà, nítorí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá sì ń múra ìdíje gbọ́dọ̀ wo ara rọ́bà náà bóyá àmì ITTF wà lórí rẹ̀, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà nínú àkójọ tí àjọ náà fọwọ́ sí, nítorí pé adarí ìdíje lè dá ràkẹ́ẹ̀tì tí kò bá òfin mu padà. Kí ó sì fi ẹyin oníke tí a kọ 40+ sí lára gbára dì, torí pé òun ni yóò bá pàdé lọ́jọ́ ìdíje.

Quadri Aruna, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní ìlú Ọ̀yọ́ ní ọdún 1988, ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù lórí ohun tí ìyípo lè ṣe. Níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio de Janeiro ní ọdún 2016, ó fi ẹyin ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń yí síwájú kíkankíkan borí Chuang Chih-yuan ti Taiwan àti Timo Boll ti Jámánì kí Ma Long ti Ṣáínà tó dá a dúró, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú ìdíje náà ní Òlíḿpíìkì. Boll àti Ma Long pẹ̀lú ní rọ́bà tó dára lọ́wọ́. Bí rọ́bà àwọn tó wà lórí òkè bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọwọ́ tó ń gba ara ẹyin kọjá àti ẹsẹ̀ tó ń gbé ọwọ́ náà dé ibi tó yẹ ni a fi ń mọ ẹni tó borí.

Ó kù sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́ láti má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá nìkan wá rọ́bà kiri. Bí wọ́n bá da owó pọ̀, kí wọ́n ra igi tí kò wọ́n àti rọ́bà tó mọ níwọ̀n fún àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n máa pààrọ̀ rọ́bà náà ní àsìkò, kí wọ́n sì kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nínú ọ̀rinrin àti ekuru, owó náà yóò so èso ju ràkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi kan tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé kiri lọ.